Ìlú Mọ́kànlá Tí Bàbá Adéníjì Fi Fóònù Wádìí

                                        2216 Pecan Hollow Lane,
                                        Carrollton,
                                        Dallas, Texas.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹrin, 2025.

Ìyá Ìbùkún, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni nǹkan níbẹ̀ yẹn? Ṣé ara yín le? Bàbá Ìbùkún ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti sàn, àbí ó ṣì ń gbé àpò sìmẹ́ńtì kiri bí ọmọ ogún ọdún? Ìbùkún fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti sọ ibi tí yóò ti lọ ṣe agùnbánirọ̀? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Àwa náà wà láàyè. Dókítà ní kí ọkọ mi máa rìn lójoojúmọ́, ó sì ń rìn lóòótọ́, láti orí àga dé ìdí fíríjì.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè ohun tó dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà gidi nígbà tí WhatsApp wà. Lórí WhatsApp, mi ò tíì sọ ju ìlà méjì lọ tí wàá ti fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́wàá ránṣẹ́, èmi a sì gbàgbé ibi tí mo dé. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, mo sì fẹ́ kí o jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì ló máa mú un wá fún ọ.

Ọ̀rọ̀ Fọláránmi ni. Ṣé o rántí Bọ̀dá Clement, àbúrò bàbá mi tó kó lọ sí Winnipeg ní Kánádà, tí Ọlọ́run pè ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn? Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ni Fọláránmi. Ní Winnipeg yẹn, ọmọ á ti máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí yìnyín kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ilẹ̀, ìyẹn ni Fọláránmi fi sọ eré họ́kì orí yìnyín di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Bí o kò bá tíì rí i rí: àwọn ọkùnrin gìrìwò gìrìwò wọ bàtà onírin, wọ́n mú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí onígíláàsì fún ìṣẹ́jú méjì tàbí márùn-ún kó lọ ronú. Lẹ́yìn náà wọ́n á tú u sílẹ̀, á sì tún lọ ṣẹ òmíràn.

Má rò pé ó lówó bí àwọn tí à ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dé ẹnu ọ̀nà liigi ńlá lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n pè é nítorí pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣẹ́, ó gbá ìdíje méjì, ẹsẹ̀ onítọ̀hún san, wọ́n sì dá a padà síbi tó ti wá. Irú rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí nǹkan wọn bá bàjẹ́. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìlú mọ́kànlá ló ti gbé: Saskatchewan, Maine, Idaho, Finland, Slovakia, Kazakhstan, orí òkè kan ní Ítálì, Wales, Kòríà, Oklahoma, kó tó wá di Allen níbí ní oṣù Kẹjọ tó kọjá. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ilé mi ló ń gbé. Ẹyin méjìlá ló máa ń jẹ láàárọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá, ọ̀pá ẹnì kan gba eyín iwájú mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n júwe dókítà eyín kan fún un ní DeSoto, ní gúúsù Dallas, ọmọ Yorùbá, Dárasími lorúkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn a máa wo ojú ọkùnrin kí wọ́n tó fẹ́ràn rẹ̀, èyí bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹnu. Kó tó di Kérésìmesì, eyín ti pé, ìfẹ́ náà sì ti pé. Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń dé sí àdéhùn ṣáájú àkókò, o sì mọ̀ pé ìyẹn ti tó fún mi.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni bàbá rẹ̀. Bàbá Adéníjì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọ̀gá sitéṣàn ni ní rélùwéè nílé kó tó fẹ̀yìntì: Òfà, Jẹ́bà, Mínnà, Kafanchan. Dárasími nìkan lọmọ tó bí. Láàárín oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ kan ní Norway kọ̀wé sí Fọláránmi: àdéhùn iṣẹ́ ọdún méjì, ilé wà níbẹ̀, kó fún àwọn lésì kó tó di aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tiwa, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Dárasími ní òun máa bá a lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní jáde nílé bàbá òun láìjẹ́ pé bàbá òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí òun lọ. Fọláránmi ní bí Dárasími ò bá lọ, òun náà ò lọ. Iṣẹ́ àti ìyàwó wá so mọ́ ara wọn, ìkọ́ tí a so wọ́n kọ́ sì jẹ́ ẹnu bàbá kan ní DeSoto.

Ìyá Fọláránmi ò lè kúrò ní Winnipeg nítorí orúnkún, nítorí náà èmi ni mo di ìdílé ọkọ. O mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí a lè fi ogún ìṣẹ́jú parí, mi ò fẹ́ kó di ogójì. Mo gba ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún, aago méjì ọ̀sán, lẹ́yìn ìsìn. Mo ra èso. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ Fọláránmi ní ìdọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé mi. Mo sì tẹ CV rẹ̀, ojú ewé kan ṣoṣo, kí Bàbá lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó sì fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìbùkún, ilẹ̀ ilé Bàbá Adéníjì kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Táìlì ni. Màmá, ìyàwó rẹ̀, ti fi nǹkan nù ún nítorí àlejò, ó ń dán bí ojú dígí. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Fọláránmi ku ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ yẹn ò sì mọ̀ ju ọ̀nà kan lọ láti fi àyà lélẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá ti ń sáré, ìyẹn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà tí rọ́bà bá ń bọ̀ lójú góòlù. Ó sáré díẹ̀, ó fò, ó balẹ̀ gbàmù. Ó yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó yọ̀ kọjá tábìlì. Ìgbà tí orí rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ àga Bàbá ló tó dúró, abọ́ ẹ̀pà tó wà níbẹ̀ sì dà lé e lẹ́yìn.

Bàbá wo ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó ti dé?”

Màmá ní, “Ó ti dé, Bàbá. Ó tiẹ̀ ti kọjá ibi tó ń lọ.”

Bàbá ní kó dìde, pé òun ò tíì ṣí ẹnu tó fi wọ abẹ́ àga òun. Dárasími ń ṣa ẹ̀pà lára rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i pé ó yẹ kí n tètè gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́, ni mo bá fa CV yọ.

Bàbá wọ dígí. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, “Oyèrónkẹ́, ta ló kọ ìwé yìí?”

Mo ní èmi ni, sà. Inú mi ń dùn.

“Ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo kà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìrírí rẹ̀ pọ̀.”

“Láàárín ọdún méjìdínlógún. Èmi lo ọdún márùndínlógójì níbi iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láyé tiwa, bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ mọ́kànlá sílẹ̀, ọlọ́pàá ni yóò máa wá a.” Ó tún wo ìwé. “Kí ni ti ìjìyà yìí? Ìṣẹ́jú ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogóje?”

Ṣé o rí i, ní ilé-ìwé òwò tí mo lọ, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé nọ́ńbà ni kí a máa fi sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà kò ní ọ̀rọ̀. Mo lọ sórí kọ́ǹpútà, gbogbo nọ́ńbà tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Fọláránmi ni mo kó sínú CV. Góòlù tó gbá wọlé, iye ìdíje tó gbá, àti gbogbo ìṣẹ́jú tí wọ́n ti tì í mọ́ inú àpótí onígíláàsì láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dára tó. Mo tiẹ̀ fi lẹ́tà dúdú kirikiri tẹ ìyẹn.

Bàbá yíjú sí Fọláránmi. “Kí lo ṣe tí wọ́n fi jẹ ọ́ níyà tó bẹ́ẹ̀?”

Fọláránmi gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, kò mọ bí a ṣe ń pa irọ́ nínú rẹ̀. Ó ní, “Mo bá èèyàn jà, sà.”

Mo wúkọ́. Ó rò pé òun ò tíì ṣàlàyé tó. Ó ní, “Àwọn ọ̀gá mi ló máa ń ní kí n lọ jà, sà.”

Bàbá mú bírò, ó pín iye náà ní ìdí CV mi. Ó ní, “Wákàtí mọ́kàndínlógún ni ọmọ yìí ti lò ní àtìmọ́lé.”

Dárasími ní, “Daddy, game ni o!” Bàbá fi bírò tọ́ka sí ìlà kẹta.

“Kí ló dé tí o fi kúrò ní Idaho?”

“Wọ́n fi mí ṣe pàṣípààrọ̀, sà.”

“Wọ́n fi ọ́ gba ẹlòmíràn?”

“Rárá, sà. Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún ojú yìnyín ṣe.”

Bàbá bọ́ dígí rẹ̀. “Ẹ̀rọ. Ṣé tuntun ni, àbí àlòkù?”

“Àlòkù ni, sà.”

Màmá dìde, ó ní òun ń lọ wo nǹkan lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná. À ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ilé ìdáná.

Mo rò pé Bàbá máa lé wa jáde ni. Kò lé wa. Ó ṣe CV mi ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó ní kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀ títí òun yóò fi wádìí. Ó ní níbi tí a ti wá, a kì í fi ọmọ fún èèyàn láìjẹ́ pé a béèrè ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kí Fọláránmi kọ nọ́ńbà fóònù ẹnì kan fún òun ní ìlú kọ̀ọ̀kan. “Ẹni tó bá ọ gbélé ni kí o kọ,” ó ní, “má kọ ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́. Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ kò mọ bí o ṣe ń fọ abọ́.” Òun á pe ìlú kan lóòjọ́, òun ò sì ní pè lọ́jọ́ Àìkú.

Mo ti ń fi ìka ṣírò lábẹ́ tábìlì. Ìlú mọ́kànlá, láti ọjọ́ Ajé: yóò parí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin. Norway fẹ́ èsì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìyẹn. Mo ṣàlàyé. Mo ní kí n kó gbogbo wọn jọ sórí Zoom ní ọjọ́ Túsìdé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú márùn-ún, láàárín wákàtí kan a ti parí.

Bàbá ní, “A kì í wádìí èèyàn lójú agbo, Oyèrónkẹ́. Níwájú èrò, gbogbo ènìyàn á máa pọ́n ara wọn lé.” Ó wá ṣàlàyé rélùwéè fún mi. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láti Jẹ́bà lọ sókè. Bí ọkọ̀ kan bá ti jáde, ọ̀gá sitéṣàn kò gbọdọ̀ tú òmíràn sílẹ̀ títí sitéṣàn iwájú yóò fi ránṣẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ti gúnlẹ̀. Mínísítà ni o, ọ̀gá ológun ni o, kó jókòó. Ó ní ọdún márùndínlógójì, ọkọ̀ méjì ò forí sọ ara wọn lọ́wọ́ òun rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Màmá máa ń jókòó sí bó bá ń pè, lẹ́yìn náà a máa pè mí láti ròyìn. Saskatchewan ni àkọ́kọ́, obìnrin àgbẹ̀ tó gbà á sílé nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Obìnrin yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi sunkún ilé, inú ilé màlúù ló sì máa ń lọ sunkún sí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, láti Ítálì ni Fọláránmi ti wọ bàálù wá, tó bá òun gbẹ̀bí màlúù mẹ́sàn-án kó tó padà. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí, Ìyá Ìbùkún. Mo ti bá ọmọ yìí gbé fún oṣù mẹ́jọ, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ẹyin méjìlá lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdé, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Maine ní ó jó ìkòkò òun mẹ́ta, ó sì ra mẹ́rin rọ́pò. Lọ́jọ́rú, awakọ̀ ẹgbẹ́ ti Idaho, tí wọ́n jọ gbé ilé kan, sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọmọ náà gbà ti bàjẹ́ láàárín ọdún kan, ọmọ náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Màmá ní Bàbá rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó gbójú kúrò lára fóònù kí ó tó rín in.

Ọjọ́bọ̀ ni ti Finland. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Irja, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, ti Bàbá sì lọ́ra bí ọkọ̀ ẹrù, síbẹ̀ wọ́n lo wákàtí méjì. Wọ́n sọ ti orúnkún, wọ́n sọ ti òtútù, wọ́n sọ ti àwọn ọmọ tí kì í pe òbí wọn. Irja ní àárín oṣù Kìíní ni ẹgbẹ́ ibẹ̀ dá Fọláránmi dúró, wọ́n ní kó máa lọ. Kò lọ. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin la igi ìdáná tó máa tó òun títí òtútù yóò fi kásẹ̀ ńlẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀bá ògiri, kó tó wá gbé àpótí rẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ní ó tán, ìwádìí ti parí, kí ni Bàbá tún ń wá? Mo wa ọkọ̀ láti Carrollton lọ sí DeSoto nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí freeway, mò ń sọ̀rọ̀ sí àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú mi. Mo bá Bàbá lẹ́yìn ilé, ó ń bomi rin tòmátì. Mo kúnlẹ̀ sí ibi ẹrẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mẹ́rin ti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sọ dáadáa. Ọ̀la ni Norway fẹ́ èsì. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa pe àwọn tó kù lọ lẹ́yìn náà.”

Ó ní, “Bí èyí tó kù bá wá sọ ohun tí kò dáa ńkọ́? Kí n pe ọmọ mi padà láti Norway?”

“Iṣẹ́ náà máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, sà.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹyọ kan ni mo ní. Norway ní èèyàn mìíràn tí wọ́n lè pè.” Ó gbé mi dìde. “Ẹrẹ̀ ti ba aṣọ rẹ jẹ́. Màmá ń bẹ nílé, lọ jẹun.”

Mo jẹun. Kí ni mo tún lè ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kọ ímeèlì sí Norway lórúkọ Fọláránmi, mo ní kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún wa. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni wọ́n fi dáhùn pé rárá. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo kí wọn nínú ọkàn mi. Àwọn yẹn mọ iṣẹ́.

Mo wá kọjú sí Fọláránmi ní ilé ìdáná. Mo ní kó kọ bẹ́ẹ̀ ni sí wọn kíákíá, bí Bàbá bá kọ̀, a ó mọ bí a ó ṣe yọ ọ́. Ó ń jẹ ẹyin. Ó ní, “Àǹtí, bí mo bá kọ ọ́, mo ti lọ nìyẹn.” Mo ní kí ni ìtumọ̀ ìyẹn. Ó ní gbogbo ibi tí òun ti gbé rí, ẹlòmíràn ló ń sọ ọjọ́ tí òun máa lọ, òun á sì gbé àpótí. Dárasími ni ẹnì kìíní tí òun fẹ́ dúró dè. Mo ní ṣé ìdúró ló máa fi bọ́ ìyàwó ni? Ó ní pápá yìnyín kan tó wà nítòsí wa níbí ti ń bẹ òun láti oṣù Kìíní pé kí òun wá máa kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n á sì dúró de òun di òpin ìdíje ti Allen. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ màá ti ya àtẹ ìdàgbàsókè ọdún márùn-ún.

Aago mọ́kànlá lù. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án. Mo wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dìde, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó fọ tèmi náà.

Dárasími fi omijé sọ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá béèrè aago tí iṣẹ́ náà bọ́. Ó ní aago mọ́kànlá. Bàbá ní òun wà lórí fóònù pẹ̀lú Slovakia lásìkò yẹn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì pe Kazakhstan. Gbogbo èyí tó sọ kò jùyẹn lọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń bá a lọ, Ítálì, Wales, ti Kòríà tó ní láti dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ níbẹ̀, Oklahoma. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló parí pẹ̀lú Allen. Ta ló pè ní Allen? Ọkọ mi. Èmi ni mo ń bọ́ ọmọ náà, ọkọ mi ló pè! Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ. Ó ní Bàbá ní kí òun má sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo bá Bàbá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo dúró. Ó sọ ti tòmátì fún mi.

Ó di àárọ̀ àná, ọjọ́ Ajé. Mo wà níbi iṣẹ́, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Fóònù mi dún, nọ́ńbà òkèèrè. Mo gbé e. Ìyá Irja ni, láti Finland. Ó ní kí n jọ̀ọ́, Fọláránmi ló fún òun ní nọ́ńbà mi, òun fẹ́ béèrè irú bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ní DeSoto.

Mo ní, “Ìgbéyàwó ta ni, Màmá?”

Ó ní, “Ti Fọláránmi àti dókítà eyín. Ṣé wọn ò pè ọ́ ni?”

Ìyá Ìbùkún, mo jókòó. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Adéníjì, ẹni tí kò lè pe ju ẹnì kan lọ lóòjọ́, pe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá òkèèrè láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Ó sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé òun ti gbà, pé àwọn ló bá òun wo ọmọ náà, nítorí náà kí wọ́n wá jókòó pẹ̀lú ìdílé. Irja ló sọ ọjọ́ fún mi: ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án. Èmi tí mo jẹ́ ìdílé ọkọ, Finland ni mo ti gbọ́ ọjọ́ ìyàwó.

Mo fi ìpàdé sílẹ̀, mo pe ilé. Fọláránmi mọ̀. Láti ọjọ́ Sátidé ló ti mọ̀! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ ẹyin mi pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ọkọ mi mọ̀. Mo pe Bàbá Adéníjì. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, sà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gbé ọmọ-ọmọ yín jó. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi sọ fún gbogbo ayé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Oyèrónkẹ́, bí mo bá sọ fún ọ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú la ò bá ṣe é.”

Òótọ́ ni. Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti ń wá gbọ̀ngàn ní ọkàn mi.

Nítorí náà, ìwọ náà ń bọ̀. Bẹ̀rẹ̀ ètò físà lónìí, má sọ pé ó di ọ̀la. Bí o bá nílò ìwé ìpè, sọ iye ẹ̀dà tí o fẹ́ fún mi. Inú yàrá kan náà ni ìwọ àti Irja máa sùn, kò sí yàrá mìíràn. Bá mi kí Bàbá Ìbùkún, sọ fún un kó gbé sìmẹ́ńtì yẹn sílẹ̀. Kí Màmá yín ní Ìkìrun, kí gbogbo ẹgbẹ́ wa tó bá ṣì rántí mi, kí Ìbùkún lọ́tọ̀. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́, ìdílé ọkọ tó gbọ́ gbẹ̀yìn,

Oyèrónkẹ́.